Ohun Tí Ìsàlẹ̀ Bàtà Sọ

Bàtà ló kọ́kọ́ lanu kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ọkùnrin náà jókòó sórí àpáta kan lẹ́bàá odò, níbi tí ọ̀nà ti há jù lọ, tí omi ń já gììrì láàárín òkúta, tí ariwo rẹ̀ sì lè bo ohùn akéde mọ́lẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀ ẹni lẹ́nu ìrìn àjò. Ìsàlẹ̀ bàtà náà ti ṣí kúrò lára awọ láti iwájú títí dé àárín, ó ya ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ pẹ́ kó tó dé.

Ọmọbìnrin tó ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ rí i, ó sì dúró. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, yóò kí i, yóò bá a kẹ́dùn, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ aránbàtà ni ọmọbìnrin yìí, òun fúnra rẹ̀ sì ni ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Bàtà àwọn tó ń gun òkè ni wọ́n ń rán nílé wọn, kò sì sí ìgbà tí yóò gun ọ̀nà odò yìí tí kò ní mú abẹ́rẹ́ ńlá kan, irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń lu awọ, àti òwú tí wọ́n fi ìda pa dání. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kan dunjú kì í rí ìbàjẹ́ rẹ̀ kó gbójú kúrò.

“Ẹ ǹlẹ́ o,” ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí kí ariwo omi má baà gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. “Ṣé ebi ló ń pa bàtà yín ni?”

“Òùngbẹ ni,” ọkùnrin náà dáhùn. “Ẹ ò rí i pé odò ló kọjú sí?”

“Ẹ bọ́ ọ wá.”

“Ṣé ẹ lè tún un ṣe ni, àbí ẹ kàn fẹ́ bá mi wò ó?”

“Bí mo bá fẹ́ wòran, orí òkè níbi tí omi ti ń dà wálẹ̀ ni mo máa lọ. Ẹ bọ́ ọ.”

Ó bọ́ ọ. Ọmọbìnrin náà gbé bàtà sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò. Àmọ́ omi ń ta sí i lára láti inú odò, òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde sì ń rin. Kó tó ráhùn, ọkùnrin náà ti dìde, ó fi ẹsẹ̀ kan tó ní bàtà tiro yí i ká, ó wá jókòó sáàárín ọmọbìnrin náà àti odò, ó kẹ̀yìn sí omi. Ìgbà tí ọmọbìnrin náà fi so kókó tó gbẹ̀yìn, ẹ̀yìn ẹ̀wù ọkùnrin náà ti rin gbindin.

“Omi ti pa yín.”

“Ẹ̀yìn mi kì í ṣe òwú,” ó ní. “Kò ní já.”

Kó tó dá bàtà náà padà, ọmọbìnrin náà yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè wò, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré, kó tó mọ ìwé é kà. Ó rí i pé gìgísẹ̀ bàtà òsì ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde, ó ti fẹ́lẹ́ bí ọṣẹ tó kù díẹ̀ kó tán. Ó yọjú wo ti ọ̀tún lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ rárá. Ó mọ ohun tí bàbá òun máa sọ sí irú bàtà báyìí. Ó fi í pa mọ́ sínú.

Àwọn kan gbà pé ìfẹ́ ojú ẹsẹ̀ kò ní gbòǹgbò. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bó bá jẹ́ ojú nìkan ló rí ohun tí ọkàn ń fẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọkùnrin náà ni ọmọbìnrin yìí fẹ́ràn lórí àpáta lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó fi gba omi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ ló fẹ́ràn. Ó mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, kò sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Wọ́n jọ gun ìyókù ọ̀nà náà. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré: gbòǹgbò igi na ara sójú ọ̀nà bí ejò, òkúta ń yọ̀, àwọn ibì kan sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni èèyàn fi ń gòkè. Níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti fẹ̀ díẹ̀, ọkùnrin náà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀, díẹ̀ sẹ́yìn.

“Kí ló dé tí ẹ kì í bọ́ síwájú?” ọmọbìnrin náà bi í.

“Bí mo bá wà níwájú, n ò ní rí yín.”

Ọmọbìnrin náà rò pé ó ń pọ́n òun ni, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Kò mọ̀ pé òtítọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ.

“Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?”

“Mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìrìn.”

“Àwọn ọmọdé?”

“Àwọn àgbà. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n rìn rí.”

Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dúró, àwọn tí eegun itan wọn kán, àwọn tó pẹ́ lórí ibùsùn títí ẹsẹ̀ wọn fi gbàgbé ilẹ̀, òun ni wọ́n ń kó wá bá. Olùkọ́ Ìrìn ni gbogbo wọn ń pè é.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni àwọn méjèèjì ń pàdé nísàlẹ̀ odò. “Ẹ” di “o” láàárín wọn kí àsìkò òjò tó parí. Ọ̀rọ̀ wọn kì í tán lójú ọ̀nà. Níbi tí ariwo omi bá ti pọ̀ jù, wọn a dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà a sì dùn bí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, lórí òkè, níbi tí omi ti ń dà láti orí àpáta bí aṣọ funfun tí wọ́n sá, ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ wá rí bàbá àti ìyá rẹ.”

“Máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o ní bàtà mìíràn?”

“Èyí tí o rán ni mo ní. Kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan,” ọmọbìnrin náà dáhùn. Ó fẹ́ sọ fún un pé kó ra òmíràn, àmọ́ ó kọ̀ láti sọ ọ́. Ọkọ tí ó bá gba ọ̀nà ẹ̀tàn wọlé yóò máa wá ọ̀nà ẹ̀tàn títí ayé, èrò tirẹ̀ nìyẹn.

Ilé ìránbàtà náà kò tóbi, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló ní àyè. Awọ rọ̀ láti orí àjà, òórùn àtè àti ìda gba gbogbo inú ilé, ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń wọn bàtà sì tò lára ògiri, ìrísí ẹsẹ̀ oníbàárà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìyá ló ń jókòó níwájú, ó ń gba iṣẹ́, ó ń bá oníbàárà ṣàwàdà. Bàbá kì í kúrò lórí àpótí kúkúrú tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Bó ṣe máa ń jókòó láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ṣe jókòó lọ́jọ́ náà: ó gbé ẹsẹ̀ òsì kọ́ orúnkún ọ̀tún, ó fi bàtà tó ń rán há itan.

Olùkọ́ Ìrìn dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Bàbá kí i dáadáa, ó béèrè iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ gbólóhùn tó máa ń sọ fún gbogbo àlejò tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

“Bọ́ bàtà rẹ, jẹ́ n wò ó.”

Ó yí bàtà náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó wo ti òsì. Ó wo ti ọ̀tún. Ó tún wo ti òsì. Ó dá a padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “O ṣeun,” ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí àlejò ń lọ, Bàbá dìde sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà rí i pé olólùfẹ́ òun wo ìdí ilẹ̀kùn, ó wo bí Bàbá ṣe dá ìloro kọjá, ó sì dà bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́.

“N ò fọwọ́ sí i,” Bàbá wí nígbà tó jókòó padà.

“Kí ló fi ṣe yín, bàbá?”

“Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ó sì mọ èèyàn kí. Bàtà rẹ̀ ni n kò fẹ́. Ti òsì jẹ lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde. Ti ọ̀tún wà bó ṣe wà. Ẹni tó ń rìn báyìí, ó ń sá fún ohun tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Gbogbo ìgbà ló fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọjọ́ tí ẹrù bá wúwo, yóò yà.”

“Ta lẹ rí tó yà?”

“O mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a jọ dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Mo rí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀, mo gbójú fò ó, nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù, ó fi mí sílẹ̀ lọ láìdágbére.”

“Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, bàbá. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan kò lè di òfin fún gbogbo ẹlẹ́sẹ̀.”

“Bàtà kì í purọ́.”

“N ò ní kó purọ́. Ẹlẹ́rìí lè sọ òtítọ́ kí adájọ́ ṣì í gbọ́. Bàtà sọ fún yín pé ó ń tẹ̀ sósì. Ta ló sọ fún yín pé ó ń sá?”

Bàbá mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìyá, tó ti ń fetí sí wọn láti iwájú, dá sí i.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán mi létí. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí mi, bàtà wo ni mo wọ̀?”

Bàbá fa òwú. “Èwo ló kan ìyẹn?”

“Mo ní bàtà wo ni.”

“O ò wọ bàtà.”

“Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń rìn. Kí wá lẹ kà tí ẹ fi fẹ́ mi? Àbí àtẹ́lẹsẹ̀ mi lẹ yí sókè?”

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ mì díẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó sọ lẹ́yìn náà kì í ṣe àwàdà. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní kékeré ló ti ṣèlérí pé òun ni yóò rán bàtà tí ọmọ náà àti ọkọ rẹ̀ yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó ti ra awọ rẹ̀ pa mọ́, awọ funfun kan tó rọ̀ bí ewé tuntun.

“Bí o bá fẹ́ ẹ, n ò ní dá ọ dúró,” ó ní. “Àmọ́ n ò ní rán bàtà náà. Ọwọ́ mi ò lè rán ohun tí ojú mi ò gbà.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọmọbìnrin náà ju kí bàbá rẹ̀ kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ó lè fẹ́ ọkùnrin náà láìgba àṣẹ, ìyẹn kò ṣòro fún un. Ohun tí kò lè ṣe ni kó máa jókòó ti bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́, kí àwọn méjèèjì máa lu ihò sí awọ àlejò, kí awọ funfun yẹn sì wà nínú àpótí títí yóò fi gan.

Ní ọjọ́ kejì, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún olólùfẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó dúró ní ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ìrìn, ibẹ̀ ló sì ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, ó sì há. Irin ìdìmú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, lára ògiri ọ̀tún. Ìyá àgbà kan di irin náà mú, ó ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀, níbi tí kò sí irin, Olùkọ́ Ìrìn ń bá a lọ, díẹ̀ sẹ́yìn, ó na ọwọ́ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Nígbà tí ìyá àgbà bá fì, yóò fì sí i lára. Nígbà náà ni ọkùnrin náà máa ń fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gún ilẹ̀, bí ẹni fi òpó ti ògiri.

Ọmọbìnrin náà kò wo ojú rẹ̀. Gìgísẹ̀ ló wò. Ó rí gbogbo ìtàn náà níbẹ̀, ó sì dà bíi kó ké.

“Bàbá rẹ ò purọ́,” olólùfẹ́ rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. “Mo ń tẹ̀ lóòótọ́. Ṣé o máa lọ ṣàlàyé fún wọn?”

“Rárá. Bí mo bá ṣàlàyé, ẹnu olólùfẹ́ ni wọ́n máa pè é. Ojú ara wọn ni kí wọ́n fi rí i. Mo fẹ́ kí a jọ gun ọ̀nà odò, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

Ọkùnrin náà wò ó lójú. “Bàbá? Ọ̀nà yẹn?”

“Kí ló dé? Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gùn ún.”

“Kò burú. Bí wọ́n bá gbà, ẹ jẹ́ ká rìn bó ṣe bá wọn lára mu. Ibi tí a bá dé la dé.”

Bàbá gbà. Kò jọ pé inú rẹ̀ dùn sí i, ó ti pẹ́ tó ti ń wá àwáwí bí ọ̀rọ̀ òkè bá ti délẹ̀. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ mọ ibi tó máa fọwọ́ kàn. “Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ipa ẹsẹ̀,” ó ní, “ṣé ẹ ń bẹ̀rù láti rí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ni?” Ìyá sì fi tirẹ̀ sí i: “Ẹ máa lọ. Mo máa se oúnjẹ dè yín. Ẹni tó bá ṣubú kó má wá bá mi sunkún.”

Àárọ̀ ni wọ́n gbéra. Odò ń sáré, ó ń hó, ó ń ta ìfófòó sára òkúta. Bàbá ló ṣáájú, ọ̀pá lọ́wọ́. Olùkọ́ Ìrìn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, díẹ̀ sẹ́yìn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọ̀nà bá há, ó ń rìn nínú koríko; nígbà tí koríko bá tán, ó ń rìn lórí òkúta tí kò sí ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀.

“Ìwọ ọkùnrin yìí,” Bàbá wí nígbà tó sú u, “ṣé màlúù rẹ ni mí tí o fi ń dà mí?”

“Rárá, bàbá. Màlúù kì í bú darandaran.”

Bàbá wú ikọ́ kan tí kì í ṣe ikọ́.

Ọmọbìnrin náà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n dé etí odò níbi tí iyanrìn wà, ó wo ilẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ipa ẹsẹ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ lẹ́yìn lósì, ìyẹn kò yà á lẹ́nu. Ipa ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló dá a dúró. Ti ọ̀tún mọ́ rekete. Níwájú ti òsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà lórí iyanrìn, bí ẹni fi ìka fa nǹkan. Bàbá kò lè gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn sókè. Ó ń wọ́ ọ ni.

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ wo ìlà náà. Ó ti yí bàtà gbogbo ìlú sókè, kò yí ti bàbá rẹ̀ sókè rí, torí Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń tún tirẹ̀ ṣe. Ó gbójú sókè, ojú òun àti ti olólùfẹ́ rẹ̀ pàdé. Ọkùnrin náà ti mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti wo ìdí ilẹ̀kùn, tó rí bí Bàbá ṣe wọ́ ẹsẹ̀ kọjá ìloro, ló ti mọ̀.

Iwájú wọn ni ibi tí wọ́n ti ń dá odò kọjá. Òkúta ńláńlá ló tò sínú omi láti etí kan dé èkejì, omi sì ń gba àárín wọn já. Bàbá dúró, ó wo odò náà bí ajigbèsè ti ń wo olówó rẹ̀ tí ń bọ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn náà, Olùkọ́ Ìrìn wọ inú omi pẹ̀lú bàtà àti ṣòkòtò, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta àkọ́kọ́, omi dé e lórúnkún.

“Ẹ máa bọ̀, bàbá. Ẹ̀yin lẹ ni òkúta, èmi ni mo ni omi.”

Bàbá gun òkúta. Ó gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin náà ń bá a lọ nínú omi. Láàárín odò ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì kọ́ etí òkúta. Bàbá fì sósì. Kò ṣubú, èjìká kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ Ìrìn kò gbá a mú, kò kígbe. Ó kàn jẹ́ kí Bàbá fara tì í, ó sì fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì gún ìsàlẹ̀ odò.

Omi ibẹ̀ mọ́ gaara. Bàbá wo ìsàlẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ náà pẹ́.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọjá ná,” ọmọbìnrin náà ké láti ẹ̀yìn.

“Dákẹ́,” Bàbá wí. “Mò ń kàwé.”

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Bàbá jókòó sórí ìtì igi kan.

“Ta lo ń gbé báyìí lójoojúmọ́?”

“Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kó wá, bàbá.”

“Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan?”

“Irin wà lọ́tùn-ún wọn. Èmi ni irin òsì.”

Bàbá mi orí. “Mo ní o ń sá fún ohun tó wà lọ́tùn-ún rẹ. Òun gan-an lo ń gbé.” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “O ti mọ̀?”

“Mo mọ̀, bàbá.”

“O ò sọ fún mi.”

“Ṣé ẹ máa gbà?”

“Rárá,” Bàbá wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà òsì rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó nà án sí i. “Ka eléyìí.”

Ọmọbìnrin náà gbà á. Ó yí i sókè. Ní iwájú, awọ tuntun wà lórí awọ àtijọ́, òmíràn sì wà lórí ìyẹn, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú ìrán wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè rán bí kò ṣe Bàbá. Èyí tó wà lókè pátápátá ti ń jẹ.

“Ẹni tó ni bàtà yìí kò lè gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè mọ́,” ó kà á. “Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó ń lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ kí àwọn ará ilé má baà rí i.”

“Kí ló tún sọ?”

“Ó ní ẹ̀rù ń bà á.”

“Ìyẹn ò sí níbẹ̀.”

“Ó wà níbẹ̀, bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kíkà.”

Bàbá wo odò. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, kò gbé e kúrò.

Olùkọ́ Ìrìn kúnlẹ̀ níwájú wọn. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń jókòó nídìí iṣẹ́?”

Bàbá gbé ẹsẹ̀ òsì kọ́ orúnkún ọ̀tún láìrò ó. Ọkùnrin náà fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà, nísàlẹ̀ orúnkún, lóde.

“Iṣan tó ń gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè gba ibí kọjá. Kò sí ẹran tó bò ó, eegun ló sùn lé. Gbogbo bàtà tí ẹ ti ń rán láti ìgbà èwe yín, orúnkún ọ̀tún yín ló ń tẹ iṣan náà nídìí rẹ̀.”

“Ṣé yóò san?”

“Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀, tí ẹ sì jẹ́ kí n máa wá bá yín ṣe é, mo rò pé yóò san. N ò ní búra, ṣùgbọ́n mo rò bẹ́ẹ̀.”

“O fẹ́ kọ́ mi ní ìrìn?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n, bàbá. Ẹsẹ̀ ló gbàgbé.”

Bàbá wọ bàtà rẹ̀ padà. “Ọ̀la ni kó o wá,” ó wí. “Mú ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì dání, mo fẹ́ wọ̀n wọ́n.”

Nígbà tí Bàbá sún síwájú díẹ̀, ọmọbìnrin náà di apá olólùfẹ́ rẹ̀ mú. “O mọ̀ láti ìjọ́sí. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Àyànfẹ́ mi, ẹsẹ̀ wọn ni. Àwọn ló ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ láti sọ.”

Ọmọbìnrin náà ronú sí i, ó sì rí i pé bí òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́ kí bàbá òun fojú ara rẹ̀ rí òtítọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin yìí fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìfẹ́ rẹ̀ tún lé kún sí i.

Ìyá ló ní kí wọ́n gbé tábìlì gíga kan síwájú Bàbá, ó sì sọ àpótí kúkúrú náà síta kó má baà wọ̀ ọ́ lójú. Bàbá kùn fún ọjọ́ mélòó kan, ó ní iṣẹ́ kò dùn bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wà nílẹ̀ bíi ti akọ̀wé. Olùkọ́ Ìrìn ń wá, wọ́n ń jà, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń rìn síwá sẹ́yìn láàárín awọ. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Orí tábìlì yẹn ni Bàbá ti yọ awọ funfun náà jáde. Ó rán ti ọmọ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nínú ti ọkọ, ó fi awọ líle kan kún gìgísẹ̀ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde, níbi tí ojú kò lè rí i.

“Kó lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́,” ó wí.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, gbọ̀ngàn kékeré náà kún. Ọkọ ìyàwó dúró níwájú nínú bàtà tuntun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ní kó dúró. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Bàbá yọ, ọmọ rẹ̀ di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, Bàbá sì gbé ẹsẹ̀ òsì sókè dáadáa, ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó tún gbé e. Ẹnu ìloro ga díẹ̀. Ọkọ ìyàwó rí ìloro náà, ara rẹ̀ kò sì lè gbà á. Ó kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, ó rìn gba àárín àwọn àlejò kọjá, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì Bàbá, díẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn èèyàn. Ìyá dìde láti orí ìjókòó. “Ọkọ ìyàwó, iwájú ni wọ́n ní kó o wà. Padà sí ipò rẹ.”

“N ò ní ṣubú o,” Bàbá sọ fún un lábẹ́ ohùn.

“Mo mọ̀, bàbá.”

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó wà níwájú, ó gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

“Ẹ fi í sílẹ̀. Ipò rẹ̀ nìyí.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dá ìloro náà kọjá.